Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìyá Àáró

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Àáró jẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni méjì máa gbé àpótí aṣọ kọjá níwájú ilé rẹ̀. Kò ní béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, kò ní béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Kí wọ́n tó kí i tán, yóò ti bá wọn gbé ìdí àpótí náà, yóò sì ti máa sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra níbi àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, ó ń bá ọlọ́jà kan kó bàtà wọlé nítorí òjò, ó sì dá òun lójú pé ìyàwó ọlọ́jà náà ni. Bẹ́ẹ̀, oníbàárà ni. Bàtà ló wá rà. Òjò pa á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì ra bàtà mọ́. Ọkùnrin náà ní ohun tí òun sọ fún ara òun ni pé tí èèyàn ò bá tètè fẹ́ irú obìnrin yìí, gbogbo ayé á lò ó tán.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti já àbíkẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọmú. Kí ẹ má rò pé ibi tí èèyàn ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ ni mò ń wí o. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó aṣọ wá síbẹ̀ láti àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtura: aṣọ ìtẹ́bùsùn, aṣọ ìnura, aṣọ ìbora, èyí tó mọ́ díẹ̀ àti èyí tó dára kí èèyàn má béèrè ohun tó wà lára rẹ̀. Òrùlé ibẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ooru rẹ̀ sì lè mú kí èèyàn gbàgbé pé òtútù wà níta. Lápá kan ni àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, tí wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lápá kejì ni àwọn róòlà wà. Róòlà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ìtẹ́bùsùn: irin róbótó ńlá kan tó gbóná janjan, tó ń yí láìsinmi. Wọ́n á fi etí aṣọ tútù sí i lẹ́nu níwájú, á gbé e mì, aṣọ á sì jáde sórí tábìlì lẹ́yìn, á ti gbẹ, á ti tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì máa ta sánsán ọṣẹ. Tẹ́lẹ̀, èèyàn méjì ló ń dúró ti róòlà kan, ọ̀kan níwájú tó ń fi aṣọ sí i, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń ká a. Nígbà tó yá, àwọn tó ń jókòó lókè nínú ọ́fíìsì ṣírò, wọ́n ní ẹnì kan tó. Àwọn tó ṣírò náà ò fọwọ́ kan aṣọ tútù rí láyé wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà fèrè ni ọ̀gá wọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Fèrè ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ojo ni, ẹni tó ń bẹ̀rù ọ́fíìsì ju bó ṣe ń bẹ̀rù ikú lọ. Fèrè gígùn kan túmọ̀ sí ìsinmi. Fèrè kúkúrú méjì túmọ̀ sí pé ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ kò sì tíì pé. Bí kúkúrú méjì yẹn bá ti dún, ẹnikẹ́ni tó bá ti parí tiẹ̀ á kúrò nídìí róòlà rẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ ṣì wọ̀ lọ́rùn. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tuntun á kàn rí i pé gbogbo èèyàn ń gbéra, òun náà á sì tẹ̀ lé wọn. Àáró ni àwọn obìnrin náà ń pè é, nítorí pé bí mo bá bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, ìwọ náà á bá mi ṣe tèmi lọ́la. Ìyá Àáró ló máa ń kọ́kọ́ gbéra nínú wọn. Ìgbà mìíràn, fèrè kejì ò ní tíì dún tán tí á fi dé ibi tó ń lọ. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn, débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá fi ń pè é bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.

Gíga ni wọ́n ń pe obìnrin tó wà nídìí róòlà tó kángun sí ògiri. Ó ga lóòótọ́, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí owó lọ́wọ́ ahun. Láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹta ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ níwájú róòlà láìfọwọ́ di ìbàdí mú. Iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa kẹ́yìn. Ọ́fíìsì ti kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá tún gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló dá ọkọ̀ dúró, kó máa lọ sílé rẹ̀. Òun àti Ìyá Àáró ló sún mọ́ra jù níbẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀, èkejì á máa mi orí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fèrè kúkúrú méjì dún lọ́sàn-án. Ìyá Àáró ti parí tiẹ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Gíga. Ó gba iwájú róòlà lọ́wọ́ rẹ̀, kí Gíga lè lọ máa ká aṣọ lẹ́yìn níbi tí kò ti ní bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àwọn aláìsàn ló wà nílẹ̀, irú èyí tó ní okùn lẹ́yìn, tó sì yẹ kí wọ́n ti yọ sọ́tọ̀ kó tó dé ìdí róòlà. Okùn ọ̀kan lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Róòlà ò sì mọ okùn yàtọ̀ sí ọwọ́. Kí Gíga tó fò dé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà, róòlà ti fa ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Àáró wọlé títí dé ọrùn ọwọ́.

Mi ò ní sọ bí igbe náà ṣe rí. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn, ọwọ́ náà ò sì bọ́. Àmọ́ ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Dókítà ní wọ́n ṣì lè ká padà bó bá ń wá síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìka lemọ́lemọ́, pé bó bá jáfara, bí wọ́n ṣe nà yẹn ni wọ́n máa nà títí ayé. Ìtọ́jú náà sì wọ́n gógó. Ìyẹn ò yẹ kó jẹ́ ìṣòro, torí òfin ní kí iléeṣẹ́ san owó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fi owó gbà-má-bìínú lé e. Ohun tó wá da ilé rú ni ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àáró fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Kò tíì pẹ́ tó jí nílé ìwòsàn tí ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó béèrè ohun tó gbé e dé ìdí róòlà tí kì í ṣe tiẹ̀. Oògùn ń kun Ìyá Àáró lóorun, àmọ́ orí rẹ̀ pé tó láti rántí ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún Gíga. Bó bá ní àáró ni òun wá ṣe, wọ́n á béèrè iṣẹ́ ẹni tó kẹ́yìn. Ló bá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀. Ó ní òun kàn yà kí ọ̀rẹ́ òun ni, òun sì fọwọ́ kan aṣọ ibẹ̀ ṣeré. Ọkùnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó kí i pé ara á yá, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Inú Ìyá Àáró dùn. Ó rò pé òun ti gbọ́n.

Ó ti wà nílé nígbà tí ìwé iléeṣẹ́ dé. Ọkọ rẹ̀ ló kà á fún un nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lójú oníbàárà kan tí wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì orí. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ní iléeṣẹ́ bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló wá ní gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, pé ṣe ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tàkúrọ̀sọ, nítorí náà iléeṣẹ́ kò jẹ ẹ́ ní ohunkóhun.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ dun obìnrin yìí. Tàkúrọ̀sọ yẹn ló dùn ún. Ó ní kí ọkọ òun tún ibẹ̀ kà. Ó ní èmi, tàkúrọ̀sọ? Èmi tí mi ò jókòó tán rí kí fèrè tó gbé mi dìde? Ó ní kí wọ́n sọ ẹni tó pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ òun, kí òun lọ bá onítọ̀hún.

Ọkọ rẹ̀ ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ àpótí abẹ rẹ̀. "Ìwọ náà ni," ó wí. "Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tìẹ tiẹ̀ wá mú un bá ọwọ́."

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìrora ọwọ́ fi dá a dúró. Oníbàárà tí wọ́n ti gbàgbé orí rẹ̀ ní ìdajì wá dá sí i. Ó ní kí wọ́n má wò ó níran, pé òun mọ ẹnì kan tí wọ́n kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí rí, tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tó sì borí. Ó ní kí wọ́n lọ rí akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó tún ní, bí kò bá ní jẹ́ ìyọlẹ́nu, kí wọ́n bá òun gẹ èyí tó kù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ Ìyá Àáró lẹ́nu, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ó ní àyè ṣì wà láti pe ẹjọ́ náà, àmọ́ kò pọ̀. Ó ní ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa bí wọ́n bá lè fi hàn pé iṣẹ́ ló gbé e dé ìdí róòlà yẹn.

"Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ òótọ́ o, Màmá," ó wí. "Mi ò lè gbé irọ́ yín dé iwájú ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ kí n ní kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́."

Ìyá Àáró béèrè bóyá òun lè sọ òótọ́ náà láìdárúkọ ẹni tó ni róòlà. Akọ̀wé ní gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ ẹni tó ń dúró ti róòlà ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá Àáró dìde, ó dúpẹ́, ó ní òun á lọ rò ó. Ní ọ̀nà ilé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti rò ó tán. Ìka mẹ́ta kì í pààyàn. Àwọn tí kò ní ọwọ́ rárá wà láyé, wọ́n sì ń jẹun. Òun ò ní fi ẹnu òun gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mẹ́ta ọlọ́mọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ òsì níṣẹ́. Ó ń fi í jẹun, ó ń fi í ti bọ́tìnnì, ó ń fi eyín di etí ìborí rẹ̀ mú kí ọwọ́ kan lè so ó. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ní kí òun bá a so ó, ó kọ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe àwàdà. Ó ní ọwọ́ òsì yìí ti ń ṣe ọ̀lẹ látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, àkókò ti tó kó wá jẹ́ ọmọ gidi. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ayálégbé tuntun ń gbé bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn ilé wọn. Ìyá Àáró gbọ́ gbọ̀ngbọ̀n, ó ti bọ́ síta. Ó gbá igun kan mú bí ìṣe rẹ̀. Ìka kò ká. Bẹ́ẹ̀dì yọ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lu ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa, kò sì sí ẹni tó bínú sí i. Ọkùnrin náà kàn wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lọ jókòó." Ó padà wọlé, ó jókòó lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ bá a lórí àga nígbà tó dé láti ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà ò tan iná, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gan-an, nítorí pé kò rí ìdákẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí.

Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ fún Gíga. Ọkọ Ìyá Àáró ní òun kọ́, àmọ́ nígbà tó ń sọ ọ́, orí àwọn abẹ rẹ̀ ló ń wò. Gíga wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó jókòó, ó mu tíì tí wọ́n gbé fún un, ó wo ọwọ́ Ìyá Àáró. Ìyá Àáró ń bá a sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan tó wà láyé àyàfi ohun tó gbé e wá.

"Ẹ̀gbọ́n," Gíga wí níkẹyìn, "mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ wá kí mi ni. Ẹ ò wá kí mi. Iṣẹ́ mi lẹ wá ṣe."

Ìyá Àáró ní kó gbàgbé ìyẹn. Ó ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé e ni, ta ló fẹ́ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀?

"Bí wọ́n bá lé mi, wọ́n lé mi. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, mi ò lè fi pọn ọwọ́ yín kiri títí ayé."

Wọ́n bára wọn fà á. Ìyá Àáró ní àgbà lòun, ohun tí òun bá sọ labẹ́ gé. Gíga ní tó bá jẹ́ ti àgbà ni, kò sí àgbà tó ń parọ́ nílé ìwòsàn. Ìyá Àáró ní kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ kí Gíga sọ̀rọ̀ tó báyìí rí, ṣé ó ti ń kó o pamọ́ ni? Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Gíga dá a lóhùn pé òun ti bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀, pé gbogbo wọn ló máa wá jẹ́rìí, kí Ẹ̀gbọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé akọ̀wé. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó tẹ orí rẹ̀ ba kó má baà gbá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àáró lọ fọwọ́ sí ìwé náà.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà kéré, fáànù rẹ̀ ń ké. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, obìnrin àgbà kan tó so okùn mọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ ni alága wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni akọ̀wé yàrá náà wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí fáìlì bò mọ́lẹ̀ débi pé irun orí rẹ̀ nìkan ni èèyàn ń rí. Àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ kún bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti wá tààrà, òórùn ọṣẹ sì bá wọn wọlé. Ìyá Àáró jókòó síwájú wọn pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ le bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ jẹ́ ọmọ tó níwà. Ó kí Ìyá Àáró dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ka ohun tí Ìyá Àáró sọ nílé ìwòsàn, ó sì béèrè bóyá òun ló sọ ọ́. Ó ní òun ni. Ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé ìgbà wo gan-an ló pa irọ́, ṣé ìgbà yẹn ni àbí nísinsìnyí?

"Ìgbà yẹn ni, sà," Ìyá Àáró wí. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má tún un pa mọ́."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àáró wá sọ gbogbo rẹ̀, fèrè, àáró, okùn, ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rù tó bà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò fi ara rẹ̀ ṣe ẹni mímọ́. Gíga náà dìde, ó ní iṣẹ́ òun ló kẹ́yìn, Ìyá Àáró ló sì wá bá òun ṣe é, ó sì jókòó. Gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò kò jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé oore ni, kì í ṣe iṣẹ́. Òfin iléeṣẹ́ ní kí oníkálùkù dúró nídìí ẹ̀rọ tiẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣoore, ohun tó dára ni, àmọ́ iléeṣẹ́ ò rán an. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ náà wọlé. Níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń fi ìdí bíírò rẹ̀ gbá ìwé. Agbẹjọ́rò pe Ọ̀gá Fèrè pé kó wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀gá Fèrè ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fún un lọ́rùn, ó ń làágùn. Wọ́n bi í bóyá òun ló rán Ìyá Àáró sí ìdí róòlà Gíga. Ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá ó ti rán ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Fèrè wá ńkọ́? Ó ní fèrè lásán ni, òun kàn fi ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ti dé. Kò wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

Alága ní ọ̀rọ̀ fèrè yìí ò yé òun dáadáa. Ó béèrè bóyá fèrè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló wà, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kì í bọ́ ọ sílẹ̀. Alága ní kó fọn ọ́n bó ṣe máa ń fọn ọ́n lọ́jọ́ tí aṣọ ò bá tíì pé, kí ìgbìmọ̀ lè gbọ́ ọ. Ọ̀gá Fèrè wo agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò gbé èjìká. Ó fi í sẹ́nu, ó fọn ọ́n ní kúkúrú, lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dìde. Wọn ò bára wọn sọ ọ́, wọn ò sì wo ara wọn. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yíjú kiri láti wá ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, wọ́n sì rí i. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó lajú, obìnrin mẹ́rin ti wà nídìí tábìlì akọ̀wé yàrá, wọ́n ń to fáìlì. Gíga ń gba èyí tó ga jù sílẹ̀. Ẹni tó sì kọ́kọ́ débẹ̀, tó ti fi ọwọ́ òsì gún etí ìwé dọ́gba, ni Ìyá Àáró.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà. Ojú tì wọ́n. Ẹ̀rín bú láti ara ògiri, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó sì ran gbogbo yàrá. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi táì rẹ̀ nu ojú. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì, ó sì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá Fèrè.

Ọkùnrin náà wo àwọn obìnrin tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Àáró tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó já bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ kó lè mí.

"Èmi ni, Mà," ó wí. "Èmi ni mo fọn ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Bí mi ò bá fọn ọ́n, kò ní kúrò nídìí tiẹ̀."

Mo ti bú ọkùnrin yẹn nínú ìtàn yìí, mo pè é ní ojo. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá inú lọ, wọn ò sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, alága ka ìpinnu wọn láìyára. Kí iléeṣẹ́ san owó ìtọ́jú ọwọ́ náà títí dókítà á fi ní ó tó. Kí wọ́n san owó oṣù tó ti kọjá. Kí wọ́n má fi ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni jẹ́ níbí fìyà jẹ ẹ́, kí wọ́n sì lọ wò ó bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa dúró ti róòlà. Àwọn obìnrin ti ń gbá ara wọn mọ́ra, díẹ̀ ló kù kí Gíga fi orí gbá fáànù, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kó ìwé rẹ̀ sí báàgì. Ìyá Àáró ṣì jókòó. Ó na ọwọ́ òsì sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà," ó wí, "ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Ó gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, mo sì rò pé alága náà mọ̀. Obìnrin àgbà náà fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì tún un kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ tuntun:

"Ìgbìmọ̀ yìí rí i pé ní àkókò tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, obìnrin yìí wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀."

Ìyá Àáró dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sun ẹkún tí kò sun látọjọ́ tí wọ́n ti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú róòlà, ó sun ún pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í títí ó fi sun ún tẹ́rùn.